Ìgbì Ọpọlọ Ajá: Bí Àwọn Dókítà Ẹranko Ṣe Ń Dá Wárápá Mọ̀

Ajá kan ń sùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le gan-gan, ó sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó tọ̀ sára. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ajá náà dìde, ó ń rìn kiri bí ẹni tí kò mọ ilé mọ́. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń jẹun, ó sì ń ju ìrù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ṣòro fún dókítà ẹranko nìyí: kí wọ́n tó gbé ajá náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àìsàn náà ti lọ. Ajá tó wà níwájú rẹ̀ kò ní ibà, kò yarọ, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ajá kò lè sọ pé òòyì ló kọ́kọ́ kọ́ òun, tàbí pé àyà òun ló já. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ni ín ni dókítà ní lọ́wọ́, ẹ̀rù sì ti ba ẹni náà nígbà tó ń wò ó.

Ìdájọ́ tí dókítà bá ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bó bá ní wárápá ni, ajá náà lè máa lo oògùn lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Bó bá ní kì í ṣe wárápá, tó sì jẹ́ òun ni, àìsàn náà lè máa le sí i. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dúró gbọ́ ìdájọ́. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí wọ́n pa ajá náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ka iye àwọn ajá tó ń wá sọ́dọ̀ dókítà, nǹkan bí 6 nínú ajá 1,000 ni wárápá ń mú. Àìsàn náà kò ṣọ̀wọ́n.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀rí náà wà nínú orí ajá fúnra rẹ̀. Ọpọlọ ń mú iná jáde, ẹ̀rọ sì wà tó lè ya iná náà ní ìlà sórí ìwé tàbí sójú kọ̀ǹpútà. EEG ni àwọn dókítà ń pè é. Ní èdè Yorùbá, ó ṣeé pè ní àkọsílẹ̀ ìgbì ọpọlọ.

Ariwo inú orí

Ọpọlọ ènìyàn àti ti ajá jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà kan náà. Àìmọye sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Iná kéékèèké ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tọ̀sán-tòru, ìbáà jẹ́ pé ẹranko náà jí tàbí ó ń sùn.

Ẹgbẹ́ onílù dùndún ló ṣeé fi wé. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì ń dáhùn, gúdúgúdú ń lu tirẹ̀, àwọn yòókù sì ń gbè é. Ohun tí ẹnì kan ń lù yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀, síbẹ̀ ìlù náà dùn létí. Báyìí ni ọpọlọ tó dá ṣáṣá ṣe rí. Wárápá dà bí ìgbà tí gbogbo onílù bá pa iṣẹ́ wọn tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹyọ ohùn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Kò sí oníjó tó lè bá irú ìlù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara tó ń gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu náà kò lè bá a lọ: ó le, ó ń gbọ̀n, ó sì wó lulẹ̀.

Ẹni tó dúró sẹ́yìn ògiri lè má rí àwọn onílù náà, àmọ́ ó máa gbọ́ bí ìlù bá yí padà. Iṣẹ́ EEG nìyẹn. Ẹ̀yìn agbárí ló dúró sí, ibẹ̀ ló ti ń tẹ́tí.

Ohun tó jọ wárápá pọ̀

Gbígbọ̀n nìkan kò tó láti fi pe nǹkan ní wárápá. Bí ọkàn kò bá tú ẹ̀jẹ̀ dé orí dáadáa, ajá lè dákú lójijì, kó sì ta ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó jí. Ajá tó jẹ májèlé, bóyá oògùn eku tàbí oògùn kòkòrò oko, lè máa gbọ̀n fún wákàtí púpọ̀. Ọmọ ajá tí ebi ti pa jù, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, lè ṣubú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ á dé ọpọlọ. Àìsàn oorun kan tún wà tí àwọn ajá Doberman mìíràn ń jogún. Inú wọn á dùn, bóyá nítorí wọ́n rí oúnjẹ, ara wọn á sì dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wó lulẹ̀. Èyí kì í ṣe wárápá rárá.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo èyí. Dìgbòlugi ṣì wà. Ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí kò sì sí ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi mú, ajá ló kó o ran nǹkan bí 99 nínú wọn. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá gé jẹ, tàbí tó fi èékánná ya lára, ní láti fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé lọ ya ìgbì ọpọlọ.

Ajá ló ṣáájú ènìyàn

Ní ọdún 1875, Richard Caton, dókítà kan ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí iná nínú ọpọlọ ehoro àti ti ọ̀bọ. Ní 1890, Adolf Beck, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, rí irú rẹ̀ nínú ọpọlọ ehoro àti ti ajá. Wọ́n ní láti ṣí agbárí àwọn ẹranko náà kí wọ́n tó lè rí i. Nígbà tó di 1913, Vladimir Pravdich-Neminsky tẹ àwòrán ìgbì ọpọlọ ajá jáde fún àwọn onímọ̀ láti rí.

Kò tíì sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti orí ènìyàn nígbà náà. Ó di 1924 kí Hans Berger, dókítà ọpọlọ ní ìlú Jena ní Jámánì, tó ya ti ènìyàn. Kò kánjú sọ ọ́ síta. Ọdún 5 kọjá kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Ní 1935, ní Boston ní Amẹ́ríkà, Frederic Gibbs, Hallowell Davis àti William Lennox ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí lórí irú wárápá kan tó máa ń mú àwọn ọmọdé. Ọmọ náà kì í ṣubú. Á kàn ranjú mọ́ ọ̀kánkán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Àwọn òbí àti olùkọ́ lè pè é ní àìfọkànsí. Àmọ́ ìgbì ọpọlọ rẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀: ìlà kan tó ṣóńṣó bí ẹ̀gún, ìgbì wúwo kan tẹ̀ lé e, ẹ̀gún mìíràn, ìgbì wúwo mìíràn, ní ìgbà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gún àti ìgbì yìí ni àwọn dókítà ẹranko náà wá ń wá lórí ajá.

Orí ajá yàtọ̀ sí orí ènìyàn

Lórí ènìyàn, iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n á fi ohun tó dà bí ìpara lẹ àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ awọ orí, wáyà á so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, aláìsàn á sì dùbúlẹ̀. Wọ́n á ní kó pa ojú dé, kó là á, kó mí kanlẹ̀.

Ta ló máa sọ fún ajá pé kó pa ojú dé? Irun bo orí rẹ̀. Awọ orí rẹ̀ ń yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí egungun. Èyí tó le jù ni iṣan tí ajá fi ń jẹ egungun. Iṣan náà tóbi, ó sì bo agbárí lápá ọ̀tún àti òsì. Ó ní iná tirẹ̀. Bí ajá bá kàn pa eyín pọ̀, tó mi etí, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí ooru, iná iṣan á bo ti ọpọlọ mọ́lẹ̀, bí ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń bo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá títì.

Iná ọpọlọ kò sì tó nǹkan. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní fólítì 1.5. Iná ọpọlọ tó bá dé awọ orí kì í sábà tó ìdá kan nínú 10,000 irú agbára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ní láti sọ ọ́ di ńlá kí ojú tó lè rí i.

Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà tíntìntín ni wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ orí ajá. Wọn kì í tì í jìn, kò sì ní dé inú egungun. Wọ́n á tò wọ́n láti iwájú orí dé ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n lè mọ apá ibi tí ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà kan máa ń fún ajá ní oògùn tó ń mú kó tòògbé, kí iṣan lè dákẹ́. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun kan ń bá a rìn: oògùn náà máa ń yí ìgbì ọpọlọ padà, ó sì lè fi ohun tí wọ́n ń wá gan-an pamọ́.

Ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà, Fiona James àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ajá kò sùn. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń gbé kiri lára. Ẹ̀rọ náà ń fi ìgbì ọpọlọ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà láìsí wáyà, bí fóònù méjì ṣe ń fi orin ránṣẹ́ síra wọn. Ajá lè dìde, kó rìn, kó tún dùbúlẹ̀. Kámẹ́rà sì ń ya fídíò rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

Fídíò náà ṣe pàtàkì bí àwọn wáyà ṣe ṣe pàtàkì. Ohun tó ń dé ojú kọ̀ǹpútà kò ju ìlà lórí ìlà lọ. Bí ajá bá jí, tó ń wò yíká, ìgbì rẹ̀ á kéré, á sì máa sáré. Bí oorun bá ń kùn ún, ìgbì á lọ́ra, á sì ga sí i. Ẹ̀gún tó bá yọ lójijì láàárín wọn, tí kò pẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ẹni tó ń kà á ń wá. Ó sì gbọ́dọ̀ wo fídíò kó tó gbà á. Bó bá jẹ́ pé ajá náà họ etí rẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, ẹ̀gún èké ni.

Àwọn ajá ọdẹ tí ara wọn ń ta

Ibi tí ọ̀nà yìí ti so èso rere jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ajá tí wọ́n ń pè ní Rhodesian Ridgeback. Gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti wá. Àwọn ará ibẹ̀, ìyẹn àwọn Khoikhoi, ní ajá kan tí ìlà irun kan lórí ẹ̀yìn rẹ̀ dojú kọ orí dípò ìrù. Irú ajá yìí àti àwọn ajá tí àwọn ará Yúróòpù kó wá ni wọ́n pa pọ̀. Àwọn ọdẹ fi wọ́n lé kìnnìún. Ní 1922, ní ìlú Bulawayo, àwọn tó ń sìn wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lónìí, wọ́n ń sìn wọ́n ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú.

Ohun kan ń ṣe àwọn mìíràn nínú wọn tó rú àwọn tó ń sìn wọ́n lójú. Ọmọ ajá tó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, ó ń sáré. Àmọ́ bó bá dùbúlẹ̀, tí oorun ń bọ̀ lójú rẹ̀, orí rẹ̀ á ta lójijì, ọrùn àti ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ á fà pẹ̀lú. Kò ní pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, ó tún ta. Kò ṣubú, kò sì tọ̀ sára. Ta ló máa pe èyí ní wárápá? Ẹnì kan lè ní ó ń lálàá ni. Òmíràn lè ní eṣinṣin ló bà lé e, tàbí pé òtútù ló ń mú un.

EEG ló parí àríyànjiyàn náà. Bí ara ajá ṣe ń ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gún àti ìgbì wúwo ń yọ láti inú ọpọlọ rẹ̀, lápá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Fídíò àti ìlà bára mu. Lára àwọn kan nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó sì ń kú léraléra tún máa ń fà á. Wárápá ni, bí ajá náà kò tilẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí.

Nígbà tí wọ́n ti wá mọ ajá tó ní in yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in, wọ́n lè wá ohun tó fà á. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n gbára lé, wọn ì bá ti ka ajá tó ń lálàá mọ́ àwọn aláìsàn, wọn ì bá má rí nǹkan kan. Àwọn olùwádìí láti Munich ní Jámánì, Helsinki ní Finland, àti Guelph jọ ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n wo jíìnì, ìyẹn ìlànà tí òbí fi ń ta àtaré ìrísí àti ìlera fún ọmọ. Ní 2017, wọ́n kéde pé nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní DIRAS1, lẹ́tà 4 péré ló já nù. Ajá tó gba jíìnì tó já yìí lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ bàbá ni àìsàn náà ń mú. Èyí tó gbà á lọ́dọ̀ ọ̀kan ṣoṣo lè máa gbé e kiri láìṣàìsàn, gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS ṣe lè bí ọmọ SS nígbà tí ara àwọn fúnra wọn dá. Nísinsìnyí, ẹni tó ń sin Ridgeback lè ní kí wọ́n yẹ ajá rẹ̀ wò kí akọ tó gun abo.

Irú wárápá tó jọ èyí wà lára ènìyàn pẹ̀lú. Apá àwọn ọ̀dọ́ tó ní in máa ń ta láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ife á já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ará ilé á sì bá wọn wí pé wọn kò fara balẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní 2015, àwọn dókítà ẹranko láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n kóra jọ nítorí wárápá, tẹ ìlànà kan jáde. Wọ́n pín ìdánilójú sí ìpele 3. Ní ìpele kìíní, ajá náà gbọ́dọ̀ ti ṣubú ní ìgbà méjì, ó kéré tán, tí wákàtí 24 sì wà láàárín wọn. Ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 6. Àyẹ̀wò ara, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi àìsàn mìíràn hàn. Ìpele kejì fi àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní MRI, àti àyẹ̀wò omi tó yí ọpọlọ ká kún un. EEG ló wà ní ìpele kẹta, tó ga jù.

MRI kò lè rọ́pò EEG. MRI ń fi bí ilé ṣe rí hàn, bóyá ògiri ti là tàbí kókó ti yọ. EEG ń fi ohun tí àwọn ará ilé ń ṣe hàn. Ilé lè dúró ṣinṣin kí ìjà sì wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ajá kò ní dé ìpele kẹta, kò sì pọndandan kí gbogbo wọn dé ibẹ̀. Ajá ọmọ ọdún 3 tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, tí fídíò fóònù sì fi hàn kedere, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ láìdúró de ẹ̀rọ kankan. Ibi tí iyèméjì bá wà ni EEG ti ń san owó rẹ̀ padà: ajá tó ń ta nìkan, ajá tó ń ranjú, ajá tó ń gé afẹ́fẹ́ jẹ bí ẹni tó rí eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀.

EEG tí kò rí nǹkan kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan kò sí. Ọpọlọ tó ń ṣàìsàn lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí i, bí ẹni tó ṣọ́ olè lóru tí olè kò wá. Àwọn dókítà ẹranko tó lè kà á dáadáa kò pọ̀. Lórí ènìyàn, ìlànà kan náà ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé láti 1958 láti mọ ibi tí irin kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà. Lórí ajá, tí orí rẹ̀ lè gùn bí ti ajá ọdẹ tàbí kó kúrú bí ti ajá onímú pẹlẹbẹ, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ní bó ṣe ń tò ó.

Nígbà tí ara dákẹ́ tí orí kò dákẹ́

Bí wárápá bá mú ajá ju ìṣẹ́jú 5 lọ láìdáwọ́ dúró, ó ti di ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Ara rẹ̀ á gbóná, ọpọlọ rẹ̀ á sì máa bàjẹ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á fún un ní oògùn tó lágbára títí gbígbọ̀n náà á fi dáwọ́ dúró. Ajá náà á sùn sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì mọ́, ọkàn gbogbo ènìyàn á sì balẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, iṣan nìkan ló rẹ̀. Ìjì náà ṣì ń jà nínú orí. Ojú kò lè rí i. Ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. EEG nìkan ló lè sọ fún dókítà bóyá kó dín oògùn kù tàbí kó fi kún un. Bóyá níhìn-ín ni ẹ̀rọ náà ti níye lórí jù, nítorí ẹ̀mí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ajá ni phénobarbital. Ó ti pẹ́ láyé: láti 1912 ni wọ́n ti ń fi í tọ́jú wárápá ènìyàn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Gardénal. Iye tí ajá ń lò yàtọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu oògùn ènìyàn fún ajá láìjẹ́ pé dókítà ẹranko sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń mú kí òùngbẹ àti ebi pa ajá, ó sì lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ẹni tó bá sì dá a dúró lójijì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe wárápá tó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Fún ẹni tí ajá rẹ̀ ṣubú nínú ilé, tí ajá náà ti gba àjẹsára dìgbòlugi, ohun tó lè ṣe kò pọ̀, àmọ́ ó wúlò. Kí ó sún òkúta àti ìdáná kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Kí ó má ki ọwọ́ tàbí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ajá kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, àmọ́ ó lè gé ènìyàn jẹ láìmọ̀. Kí ó wo aago. Bí fóònù bá wà lọ́wọ́, kí ó ya fídíò rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí ajá náà bá dìde. Níbi tí EEG kò sí, fídíò yìí ni ẹ̀rí tó dára jù tí dókítà lè rí gbà.

Láti orí ajá dé orí ènìyàn

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nǹkan bí ènìyàn 50 mílíọ̀nù ni wárápá ń bá jà láyé, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. Àìsàn náà kì í ràn. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tó ṣubú kò lè kó o ran ẹni tó gbé e dìde, bẹ́ẹ̀ ni ti ajá kò lè ran ènìyàn. Àjọ náà sọ pé nínú 10 ènìyàn tó ní in, àwọn tó tó 7 lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó yẹ gbà.

Fún àwọn yòókù, tí oògùn kò ràn lọ́wọ́, ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n jù ni pé wọn kò mọ ìgbà tó máa dé. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ajá ti ran ènìyàn lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní Mayo Clinic, Yunifásítì Pennsylvania àti Yunifásítì Minnesota tọ́jú àwọn ajá tí wárápá mú fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n dá àìsàn sí lára. Wọ́n fi irin kéékèèké sábẹ́ agbárí wọn, ẹ̀rọ kan sì ń ka ìgbì ọpọlọ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbì náà máa ń yí padà kí ìṣubú tó dé. Ó ń yí padà lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ní 2014, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ láti orí ajá 5 àti ènìyàn 2 síta fún gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ ìṣírò kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi bá ara wọn díje láti mọ èyí tó ṣáájú ìṣubú.

Irú ẹ̀rọ kan náà ni àwọn dókítà fi sí orí ènìyàn 15 ní Melbourne ní Ọsirélíà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn wà lọ́wọ́ aláìsàn tó ń tan iná: búlúù bí ewu bá kéré, funfun bó bá wà láàárín, pupa bí ewu bá ga. Kò ṣiṣẹ́ bákan náà fún gbogbo wọn. Àmọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ fún lè rí iná pupa, kí wọ́n kúrò nídìí iná ìdáná, kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹnì kan sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn kí ìṣubú náà tó dé.